Àyà Tí Ọmọ Mi Mọ̀

Rábíátù Àjọkẹ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Mo tètè dá orúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri nínú ohun tí mo kọ yìí. Òun ló bí ìyá mi, òun ló tọ́ mi dàgbà, òun náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Níbi àdúrà fídáù rẹ̀, gbogbo ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń wí pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn àbúrò mi wá bá mi.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú àwa ọmọ-ọmọ, ẹ̀yin lẹ sì ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ bá wa kọ nǹkan nípa Ìyá Àgbà tí àwọn ọmọ wa á máa kà."

Mo ní ó dáa. Ó ti ń ṣe mí bíi kí n kọ ọ́ tipẹ́. Mi ò kàn sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n gbọ́ níbi fídáù kọ́ ni màá kọ.

Oníwà pẹ̀lẹ́ kọ́. Igbá ló ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán, nítòsí ògiri ààfin, mi ò sì rí oníbàárà tó bá a dúnàádúrà rí tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Á fi oríkèé ìka kan igbá kọ̀ọ̀kan, á gbé etí sí i, á sì fi àwọn kan sápá kan láìsọ ìdí. Tó bá ti fi igbá kan sápá kan, kò sí bí èèyàn ṣe lè bẹ̀ ẹ́ tó, kò ní tà á. Obìnrin kan mú irú ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìyá, kí ló ṣe èyí? Ojú rẹ̀ dán, ó mọ́."

"Ṣé ojú rẹ̀ lo fẹ́ fi bu omi ni?"

Ó máa ń kan iwájú orí àwa ọmọdé náà bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀ wá. Á kan tèmi, á dákẹ́, á kan án lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò mọ ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀ títí di òní. "Èyí á pẹ́," ló máa ń wí, kò sì sọ ohun tí màá pẹ́ sí.

Kí ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ di ẹni burúkú, òun ló rán mi níwèé. Nígbà tí mo parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá sílé, ó jókòó, ó mu omi, ó ní kí wọ́n má fi ìwé ba ọmọbìnrin jẹ́, òun ti rí ọkọ gidi fún mi, ọkùnrin tó ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá Àgbà jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, débi pé tí wọ́n bá pàdé níbi òkú ẹbí, ẹlòmíràn ló ń bá wọn jíṣẹ́ fún ara wọn. Gbólóhùn kan péré ló sọ fún un kó tó lé e jáde: "Tí ọkọ náà bá dáa tó bẹ́ẹ̀, ìwọ lọ fẹ́ ẹ."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi, nítorí ibi yòówù kí n ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ń fà mí lọ.

Nígbà Sáàpù ni, ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, tí agolo mílíìkì di ohun tí èèyàn ń tì mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ń kọ́ni nílé ìwé girama ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àti Báyọ̀ ọkọ mi, tóun náà jẹ́ olùkọ́, ń gbé nítòsí Ọjà Igbó. Oyún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù keje ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi ṣánlẹ̀. Gìrì aboyún ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, mi ò sì mọ̀. Nígbà tí mo lajú, mo bi Báyọ̀ pé ọmọ dà.

"Ó wà," ló wí. "Obìnrin ni. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà."

Ó wà nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru. Mi ò rí i. Egbò iṣẹ́ abẹ mi kẹ̀, ibà sì gbé mi dè, wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ yàrá àwọn ọmọ kéékèèké. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Tí iná bá lọ, àpótí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dúpẹ́. Ó ti gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí àyà ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò, ara sí ara, kí ooru ìyá lè máa mú un dúró. Ó sọ ọ́ fún dókítà, dókítà ní kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Àmọ́ èmi ìyá ń gbóná bí iná, mo ń sọ ìsọkúsọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí Ìyá Àgbà ṣe ti Ọ̀yọ́ dé nìyẹn.

Báyọ̀ ló sọ bó ṣe lọ fún mi.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ bọ́ bùbá yín."

"Kí n bọ́ kí ni? Lójú àna mi?"

Báyọ̀ sáré jáde, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ wọn.

"Ọmọ yìí la fẹ́ gbé sí yín láyà, mà."

"Ọmú mi ti di sílípáàsì, ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Ooru ara yín la fẹ́, Màmá. A ò wá ọmú débẹ̀."

Ó bọ́ ọ. Wọ́n gbé ọmọ náà sáàárín ọmú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè máa mí, wọ́n fi ọ̀já gbà á mọ́ ọn, wọ́n sì da ìró bò wọ́n. Báyọ̀ ní nígbà tí òun padà wọlé, obìnrin tó ń bá gbogbo ayé jà yẹn ti dákẹ́. Ó gbé àgbọ̀n sílẹ̀, ó ń wo orí kékeré tó wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń sọ, ó ń tún un sọ, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan: "Ó ń mí sí mi lára."

Ohun tí gbogbo yín fi ń yìn ín nìyẹn. Mi ò bá yín jiyàn. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, ọmọ náà ì bá ti kú. Ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni tèmi.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan mu. Wọ́n dá a sílẹ̀ ṣáájú mi. Ìyá Àgbà sọ fún Báyọ̀ pé òun á gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, pé obìnrin kan wà lágbo ilé wa tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ tí á máa fún un lọ́mú, pé ọkùnrin tó ń ti ilé ìwé sáré lọ sí ilé ìwòsàn ò lè dá tọ́ ọmọ ọwọ́. Báyọ̀ ní, "Ẹ ṣeun, mà." Wọ́n gbé ọmọ wa wọ inú Péúgéòtì, ọkọ mi dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ní ẹ ṣeun. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmú mi kún, ó le, ó ń dùn mí dé abíyá. Mo ń fún un sínú abọ́, wọ́n ń dà á nù. Nígbà tó yá, ó gbẹ.

Ìbùkún ni orúkọ tí èmi àti Báyọ̀ ti fẹnu kò sí. Ìjọ Áńgílíkà ni Báyọ̀ ń lọ, èmi náà ti ń bá a lọ. Ìyá Àgbà pe àáfáà sílé l'Ọ̀yọ́, ó sọ ọmọ ní Kúdírátù, ó fún un ní oríkì, Àṣàkẹ́, gbogbo ẹ̀ parí kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa. Báyọ̀ ṣe ọkàn akin lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀, ó lọ bá a, ó béèrè ìdí. Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Ọmọ tó lè lọ nígbàkígbà," ló wí, "kí lẹ fẹ́ kí n máa fi pè é pé kó dúró?"

Nígbà tí wọ́n dá èmi náà sílẹ̀, mi ò dé ilé. Mo ní kí Báyọ̀ gbé mi lọ sí Ọ̀yọ́ tààrà. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, igbá yí i ká, ọmọ wà láyà rẹ̀ lábẹ́ ìró, orí rẹ̀ nìkan ló yọ, kò tó ọsàn tó dàgbà. Mo kúnlẹ̀. Ojú abẹ ń fà mí nínú.

"Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Àgbà."

"O ṣeun, Àbẹ̀kẹ́. Ṣé ara ti ń le?"

"Ó ti ń le, mà."

"Ọlọ́run á wò ọ́ sàn tán."

Mo ń wo orí ọmọ náà. Àtẹ́gùn fẹ́ irun orí rẹ̀, mo sì rí i pé ó jọ ti ìyá mi. Mo na ọwọ́. Ìyá Àgbà yí èjìká díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń yẹra fún oòrùn. Oòrùn ọ̀sán ni o, mo ti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ wá, mo ń làágùn.

"Ọwọ́ rẹ tutù," ló wí.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ. Màá kúnlẹ̀, màá kí i kú ìtọ́jú, màá gbé ọṣẹ àti mílíìkì kalẹ̀. Á ní mo ṣeun, á ní ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Tó bá fẹ́ lọ wẹ̀, ó máa ń gbé e fún obìnrin tó ń fún un lọ́mú, nígbà míì ó máa ń gbé e fún mi. Ọmọ náà á kọ́kọ́ le gbagidi lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà ni á fi igbe ta. Kí omi tó gbẹ lára Ìyá Àgbà ni á ti gbà á, igbe á sì dúró lójú ẹsẹ̀. Mo kórìíra bó ṣe ń tètè dúró.

Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, arúgbó tó ń so ọmọ mọ́yà káàkiri ọjà. Ìyá Sínátù tí wọ́n jọ ń jà nítorí ewúrẹ́ ni ẹnu rẹ̀ le jù. Ó dúró níwájú ìsọ̀ igbá lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀.

"Àjọkẹ́, ṣé ọmọ lo so mọ́yà yẹn àbí alángbá?"

"Alángbá ni. Lọ bí tìrẹ ká fi wé e."

"Yéè! Lọ́jọ́ orí mi yìí?"

"Ṣé mo kéré sí ọ ni?" Ìyá Àgbà gbá ọmọ náà nídìí pẹ́pẹ́. "Èmi rèé, mo bí tèmi."

Àwọn obìnrin ọjà rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Mo dúró ti àpò tí mo gbé wá.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn sọ pé, ẹ gbé ọmọ mi fún mi. Wọn ò tọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bẹ́ẹ̀ nílé Àjọkẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó ra bàtà Iléyá fún mi, bàtà pupa tó ní ìdè. Ìbátan wa kan wá kí wa lọ́jọ́ ọdún, ó sì wọ bàtà náà fún ọmọ tirẹ̀ kó fi ṣeré. Mo ní, "Tèmi nìyẹn, mà, ẹ fún mi." Mo fi mà sí i o. Ìyá Àgbà ní kí n kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo kúnlẹ̀ títí àlejò fi jẹun, tó fi ro gbogbo ìròyìn ilé rẹ̀ tán, tó sì dìde láti lọ. Nígbà tó fẹ́ bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀, Ìyá Àgbà ní kó má bọ́ ọ, kó máa wọ̀ ọ́ lọ. Ó wá yíjú sí mi. Kò binú rárá, bí ẹni tó ń kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń di igbá ló ṣe sọ ọ́.

"Tí nǹkan rẹ bá wà lọ́wọ́ àgbà, kúnlẹ̀, dákẹ́, máa wò ó. Tó bá wù ú, á fún ọ."

Mo kúnlẹ̀, mo dákẹ́, mo ń wò ó. Ọmọ mi ti hu eyín, ó ti ń rìn, ó ti ń pè é ní Màámi. Àǹtí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń pe èmi.

Nígbà tó tó ilé ìwé, Báyọ̀ lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa. Kò sunkún, ìbá sàn kó sunkún. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí itan.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ máa mú mi padà sọ́dọ̀ Màámi?"

"Èmi ni màámi rẹ, Kúdí."

Ó wò mí dáadáa. Ọmọ tí Àjọkẹ́ tọ́ ni, ó mọ ìwà hù. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Nínú ọdún yẹn ni ìta, àìsàn tó ń sú sí ọmọdé lára, mú un. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì jókòó tì í. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná, ó ń yí kiri, mo bá bọ́ bùbá mi, mo gbé e lé àyà bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣe fún un. Ó gbé etí sí mi láyà. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé orí kúrò, ó gbé e sápá kejì, ó tún gbọ́. Mo di èémí mú bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ó wá sún kúrò lára mi, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí ìrọ̀rí.

"Kì í dún báyìí," ló wí.

Ṣáájú àìsàn yẹn ni mo ti bí Túnjí, tirẹ̀ sì pé oṣù. Kí agbẹ̀bí tó gé ìwọ́ rẹ̀ ló ti gbé e lé mi láyà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti gbogbo ẹ̀, ó ń wá ọmú kiri bí ọmọ ajá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ká ní mi ò bí i, bóyá ni ǹ bá máa ro Kúdírátù lọ́nà yìí. Lónìí, Túnjí ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi láìbéèrè, ó ń jẹ ẹran tí mo fi pamọ́, ó ń pè mí ní ìyá arúgbó yìí, tí mo bá bá a wí, á gbé orí lé mi léjìká. Kúdírátù ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo Jímọ̀ ló ń pè mí, ó ń ra aṣọ fún mi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pàdé ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tó wọ yunifásítì níbí, nínú ìlú tí ilé wa wà, Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló lọ gba yàrá sí. Ó ní òun ò fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Tí wọ́n bá sì ti fún wọn ní ìsinmi, ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ló ń wọ̀.

Nínú ọdún tó wọ yunifásítì yìí náà ni mo pàdé Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́ ní Ọjà Igbó, ó ń ra ata. Ó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo dá a mọ̀. Ó bi mí nípa ọmọ náà, mo ní ó wà, ó ti di akẹ́kọ̀ọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé ata sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà gbé e sáyà dáadáa nígbà náà, àbí? Mo sọ fún Màmá yẹn dáadáa. Mo ní bí ibà bá ti lọ lára yín, kí wọ́n gbé ọmọ wá kó lè wà lára yín fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí wọ́n tó gbé e lọ ibikíbi. Mo ní ọmọ yìí gbọ́dọ̀ mọ ara ìyá ẹ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

Mo wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, mò ń to ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ẹni tó kàwé. Mo dé Akẹ̀sán, Ìyá Àgbà jókòó sáàárín igbá, ó ń kan wọ́n. Ìyá Sínátù wà lápá ọ̀tún, àwọn oníbàárà wà lápá òsì. Ó gbé ojú sókè wò mí. Orúnkún mi tẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ kú ọjà, mà." Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lo wá ṣe lónìí tí kì í ṣe Sátidé?" Mo ní mo kàn ní kí n yà kí wọn ni. Mo padà sílé pẹ̀lú igbá kan tó fún mi, mi ò sì lò ó rí.

Lọ́jọ́ tó kú, kí àwọn obìnrin tó máa wẹ̀ ẹ́ tó wọlé, Kúdírátù lọ bá a nínú yàrá. Òun náà ti bímọ, ó ti ní ìdílé tirẹ̀. Ó ká aṣọ ìbora náà sílẹ̀ díẹ̀, ó gbé etí sí àyà rẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó dìde. Wọ́n ní kí èmi ìyá rẹ̀ lọ bá a sọ̀rọ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà.

Àmọ́ mo ti béèrè. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo béèrè. Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ikú rẹ̀ ni, ọ̀sán gangan, kò ríran mọ́, wọ́n gbé e jókòó sórí ẹní. Mo ti ń lọ sí ọmọ àádọ́rin ọdún, orúnkún mi kò gbọ́ràn mọ́, mo fa àga kan, mo jókòó.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Àbẹ̀kẹ́."

"Kí ló dé tí ohùn rẹ ti òkè wá?"

"Mo jókòó ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, eyín kan péré ló kù lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, nọ́ọ̀sì ní kí ẹ gbé ọmọ mi wá bá mi. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá?"

Mo rò pé á ní òun ò rántí. Mo rò pé á ní ibà ò tíì lọ lára mi, tàbí pé ọwọ́ mi tutù. Mo ti ní èsì fún gbogbo ìyẹn. Ó ń fi ọwọ́ wá nǹkan lórí ẹní, orúnkún mi ló fọwọ́ bà, ó gbé ọwọ́ lé e, kò sì gbé e kúrò.

"O ò béèrè rí, Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "Èmi náà sì ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé kí o má béèrè."